Àpò Ìrẹsì Méjì Ààbọ̀ Tó Ń Sáré

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn kan, SS2

Ẹni tó bá ń ka ògiri wa yìí déédéé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kì í wọ́n níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe Osimhen, Lookman ni. Bí kì í bá ṣe Lookman, Ikorodu City ni, àwọn ará SS3 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀. Bọ́ọ̀lù mìíràn ni èmi gbé wá lónìí, èyí tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ: bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ má tíì kọjá lọ o! Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Itamaga níbí ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ó kan èmi gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jáde ìwé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ara ẹ̀ sì le. Bó ṣe ń dúró de àyè ní yunifásítì, ibi tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ń bá wọn já ẹrù. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti rí i. Ọkùnrin náà ní irú ara báyìí gan-an ni wọ́n ń wá lókè òkun, pé òun lè mú un dé ibi tí wọ́n ti ń yan àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pé láàárín ọdún méjì yóò ti di olówó. Ọ̀kẹ́ méjì náírà ni? Rárá o. N400,000 ló ní ká mú wá. Ẹ sì gbọ́, owó àjọ tí màmá wa ń dá láti fi sanwó ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n mi ò ju iye yẹn lọ.

Bàbá wa ò sọ bẹ́ẹ̀ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀kọ́. Èmi ni wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní: "Ìwọ, ṣebí ẹ ní ẹgbẹ́ oníròyìn nílé-ìwé yín? Lọ wádìí ọ̀rọ̀ yìí wá. Kí ni wọ́n ń wò lára èèyàn kí wọ́n tó sọ pé ó tó gbà?" Ìbéèrè yẹn ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá ìdáhùn sí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ kọ síbí, torí ó dá mi lójú pé kì í ṣe ilé wa nìkan ni irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ máa ń yà sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tá à ń sọ. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èèyàn mọ́kànlá ló ń kojú mọ́kànlá, bíi tiwa. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin láti fi sún síwájú ní yáàdì mẹ́wàá, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà mẹ́sàn-án. Bí wọn ò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó máa ń ju bọ́ọ̀lù, quarterback ni wọ́n ń pè é, òun sì ni ọba wọn lórí pápá. Géńdé márùn-ún tó tóbi bíi géètì ló ń dúró níwájú rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Àwọn tó kọjú sí géńdé márùn-ún yìí, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sáré ìje, àwọn gan-an ni mò ń sọ. Defensive lineman ni òyìnbó ń pè wọ́n. Èmi á máa pè wọ́n ní adènà.

Iṣẹ́ adènà ò ju méjì lọ. Kó dènà mọ́ ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù sáré, kó sì já wọlé lọ gbé quarterback lulẹ̀ kó tó rí bọ́ọ̀lù jù. Èyí ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń pè ní sack. Adènà tó bá ní sack mẹ́wàá láàárín ọdún kan, gbogbo èèyàn á gbọ́ orúkọ ẹ̀.

Oríṣi adènà méjì ló sì wà. Ọ̀kan ń dúró ní etí, èkejì ń dúró láàárín. Wọ́n fẹ́ kí ti etí ga, kí apá rẹ̀ gùn, kó yára, torí ó ní láti yí ẹni tó dí i lọ́nà po kó tó wọlé. Wọ́n fẹ́ kí ti àárín wúwo bí àpáta, torí èèyàn méjì ló sábà máa ń tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, a máa tó lò ó.

Níbẹ̀ lọ́hùn-ún, yunifásítì ni wọ́n ti ń gbá a kí wọ́n tó bọ́ sí NFL, níbi tí owó gidi wà. Ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL. Lóṣù kẹrin ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ yìí á jókòó yan àwọn ọmọ yunifásítì ní ìpele méje. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní draft. Èèyàn bí 260 ni wọ́n ń mú, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri yunifásítì wọn. Bí orúkọ rẹ bá ṣe yá tó ni owó rẹ ṣe máa pọ̀ tó, ni sùúrù tí wọ́n máa ní fún ọ náà ṣe máa pọ̀ tó.

Kó tó di ọjọ́ yẹn, wọ́n á kó àwọn bí 300 lọ sí ìlú Indianapolis fún àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní Combine. Ìlú yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1987. Wọ́n á wọn gíga rẹ, wọ́n á gbé ọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á wọn gígùn apá rẹ, wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ pàápàá. Dókítà á fọwọ́ tẹ orúnkún àti ejìká rẹ. O máa sáré 40 yáàdì, ìyẹn mítà 36.6. O máa fò sókè, o máa fò síwájú. O máa dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á gbé irin kílò 102 lé ọ lọ́wọ́, kó o máa tì í sókè títí yóò fi rẹ̀ ọ́. Fún àwa ará Itamaga, ẹ kàn ro àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ á pè ọ́ sínú yàrá, wọ́n á máa bi ọ́ ní ìbéèrè.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọmọkùnrin kan dúró níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adetomiwa Adebawore. Ẹ tún un kà dáadáa: Adetomiwa. Orúkọ tí ẹ lè gbọ́ tí wọ́n ń pè ní Sabo ni, àmọ́ agbègbè Kansas City ló ti ṣe sẹ́kọ́ńdìrì. Northwestern, yunifásítì kan lẹ́bàá Chicago, ló gbá bọ́ọ̀lù fún. Adènà ni. Ó ga ní mítà 1.87, ó wúwo tó kílò 128. Ẹ gbé àpò ìrẹsì 50 kílò méjì àti ààbọ̀ síra lórí ọkàn yín, kí ẹ wá fún un lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin yìí sáré mítà 36.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.49. Háà! Láti ọdún 2003, kò sí ẹnikẹ́ni tó wúwo tó kílò 127 tó sáré tó bẹ́ẹ̀ ní Combine. Ó tún ti irin kílò 102 yẹn sókè nígbà 27.

Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo ti rò pé wọ́n á mú un ní ìpele kìn-ín-ní. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa draft náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orúkọ ẹ̀ sókè lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìpele kìn-ín-ní kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá. Èèyàn 109 ni wọ́n pè kí wọ́n tó pè é. Ìpele kẹrin ni Indianapolis Colts mú un, ẹgbẹ́ ìlú tó ti sáré yẹn gan-an.

Kí ló dé? Mo wá ìdí ẹ̀, mo sì rí mẹ́ta tó jọ mí lójú.

Àkọ́kọ́, àdán ò ṣeku, kò ṣẹyẹ. Mítà 1.87 kúrú díẹ̀ fún adènà etí, kílò 128 sì fúyẹ́ díẹ̀ fún adènà àárín. Ẹgbẹ́ tó bá mú un gbọ́dọ̀ mọ ibi tó fẹ́ fi í sí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò sì fẹ́ fi ìpele kìn-ín-ní dán an wò. Èkejì, kò sẹ́ni tó ń sáré mítà 36 lọ bá quarterback. Mítà bíi mélòó kan péré ló wà láàárín wọn, èèyàn tó wúwo ju ìwọ náà lọ sì wà láàárín ibẹ̀ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì tì ọ́. Eré sísá dára, àmọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dì ọ́ mú ló máa sọ bóyá wàá wọlé. Ẹ̀kẹta, Northwestern ò ṣe dáadáa rárá lọ́dún tó ṣáájú yẹn. Nínú eré méjìlá, ẹyọ kan ni wọ́n jẹ, orí pápá kan ní Dublin ní Ireland ni wọ́n sì ti jẹ ẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá ti ń pàdánù, ẹni tó ń gbá a dáadáa níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ẹ má rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ o. Nígbà tó dé Colts, DeForest Buckner àti Grover Stewart ti wà láàárín, àwọn àgbà adènà tí kò sí ẹni tó fẹ́ yọ kúrò. Ẹ̀yìn wọn ló dúró sí, ó ń wọlé, ó ń jáde. Bí wọ́n bá bi mí, èmi á ní wọ́n mú un ní ibi tó yẹ: kì í ṣe torí pé kò dára, àmọ́ torí pé ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ kan ò tíì bá ohun tí wọ́n rí ní ọdún mẹ́rin mu. Ṣùgbọ́n irú ẹsẹ̀ yẹn, a kì í fi kọ́ni. Ọwọ́ ni wọ́n lè kọ́ èèyàn bó ṣe máa lò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ṣáájú ẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀, ọmọ Ghana ni. Ezekiel Ansah, tí wọ́n bí ní Accra, lọ sí yunifásítì BYU ní Utah ní 2008. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló fẹ́ gbá, wọn ò mú un. Ó lọ sáré ìje. Ọdún 2010 ló tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nígbà yẹn, kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìdáàbòbò ẹ̀. Lọ́dún tó lò kẹ́yìn níbẹ̀, sack mẹ́rin àti ààbọ̀ ló ní, èyí tí kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ẹni karùn-ún ni wọ́n pè nínú draft 2013! Detroit Lions ló mú un. Kí ni wọ́n rí? Ó ga ní mítà 1.96, apá rẹ̀ gùn, ó wúwo tó kílò 123, ó sì sáré 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.63. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa fi sí, wọ́n sì rí i pé lóṣooṣù ló ń dára sí i. Sack mẹ́jọ ló ní lọ́dún àkọ́kọ́. Ní 2015, ó ní mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Nígbà tó yá, ìpalára dá a dúró, eré rẹ̀ sì parí kó tó di pé ó dàgbà. Ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ara ni ọjà, ara sì lè bàjẹ́ nígbàkigbà.

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé "ṣebí ìwọ̀n ló ń ṣe é nígbà náà", mo ní ìtàn Mike Mamula fún un. Ní 1995, Mamula fi gbogbo ara ẹ̀ múra fún àwọn eré Combine náà, kó lè ṣe é dáadáa. Ó sì ṣe é. Philadelphia Eagles lórí ẹ̀ bá Tampa Bay ṣe pàṣípààrọ̀ àyè, wọ́n kúrò ní ipò kejìlá lọ sí ipò keje kí wọ́n lè mú un. Mamula ò burú, àmọ́ kò di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn Tampa Bay tó gba ipò kejìlá, ta ni wọ́n fi mú? Warren Sapp, adènà àárín tí wọ́n gbé orúkọ ẹ̀ wọ inú ilé àwọn àkọni bọ́ọ̀lù náà ní 2013.

Aaron Donald ńkọ́? Ní 2014, wọ́n ní ó kúrú. Òótọ́ ni, kò ga tó Adebawore pàápàá. Ẹni kẹtàlá ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù lọ nínú gbogbo àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn dídáàbòbò ní NFL, adènà àti ẹni tí kì í ṣe adènà: 2017, 2018 àti 2020. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ yàtọ̀ ní ọ̀nà kan: ohun tó ṣe ní yunifásítì Pittsburgh ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá jiyàn. Ìwọ̀n ní ó kúrú, fídíò ní kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ẹni tó gba fídíò gbọ́ ló jèrè.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo yá tépù lọ́wọ́ bíríkìlà kan ládùúgbò wa, mo sì mú àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dání. Ọjọ́ Sátidé la lọ sórí pápá. A wọn mítà 36.6, a fi òkúta sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹ̀gbọ́n mi wọ kánfáàsì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ sọ òun di ẹṣin ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sá a, fóònù mẹ́ta la sì fi ka àkókò. Èyí tó yá jù nínú ẹ̀ jẹ́ 5.3. Iyanrìn wà níbẹ̀, kò sì lo bàtà oníṣó, nítorí náà mo fi díẹ̀ dín in fún un. Ó ga ní mítà 1.86. Lórí ìwọ̀n ìyá oníkà kan, ó jẹ́ kílò 108. Ó máa ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì méjì lé orí lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ kò tíì dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì rí láti ti irin sókè. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kò tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà rí láyé ẹ̀.

Mo jókòó, mo kọ ọ́ sínú ìwé bí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ṣe máa ń kọ ọ́. Ohun tó dára: ó lágbára, kì í ṣàárẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ yá, ó ń gbọ́ràn. Ohun tó kù díẹ̀: ó kúrú fún etí, ó fi ju ogún kílò lọ fúyẹ́ fún àárín, kò yára tó láti fi eré dí àlàfo yẹn, kò sì sí fídíò kankan tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ìdájọ́: kò tíì tó, bóyá kò sì ní í tó, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ dájú títí yóò fi bọ́ sí àárín àwọn tó ń gbá a.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ti orí ọ̀nà mìíràn wọlé wà. Osi Umenyiora, tó gbé ní Nàìjíríà nígbà tó wà lọ́mọdé, jẹ́ adènà fún New York Giants, ó gba ife Super Bowl méjì pẹ̀lú wọn. Òun ló ń wá àwọn ọmọ Áfíríkà kiri báyìí. Àgọ́ àkọ́kọ́ tí NFL ṣe ní Áfíríkà, Accra ni wọ́n ti ṣe é, ní 2022. Lọ́dún yẹn kan náà, Roy Mbaeteka, ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì gbá eré kan rí, fọwọ́ síwèé pẹ̀lú Giants. Lọ́dún 2023, CJ Okoye, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, adènà gidi, wọṣọ Los Angeles Chargers. Eré àkọ́kọ́ tó gbá láyé ẹ̀, eré ìgbáradì ni, ó sì gbé quarterback lulẹ̀ níbẹ̀! Mo ka ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n mi, ojú ẹ̀ sì tàn. Ṣùgbọ́n mo ka ìyókù náà fún un: Okoye ga tó mítà 1.98, ó sì wúwo tó kílò 143.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ṣé o rò pé mi ò lè ṣe é ni?"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń sọ. Ọkùnrin yẹn ni. Ṣé ó wọ̀n yín?"

Ó ní rárá.

"Ṣé ó ní kí ẹ sáré kí òun wò ó? Ṣé ó bi yín lọ́jọ́ orí? Ṣé ó wo apá yín?"

Ó ní owó nìkan ló ń béèrè.

Èmi ò ní ohun mìíràn láti sọ ju ìyẹn lọ. Ẹ lọ sí ọjà Sabo, kí ẹ wo ìyá tó fẹ́ ra iṣu. Á gbé e sókè, á gbọn ìyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ dànù, á fi èékánná ha ẹ̀yìn ẹ̀, á tún un gbé yí padà kó tó dúnàádúrà. Ẹni tó fẹ́ ra nǹkan á yẹ̀ ẹ́ wò, torí owó ara ẹ̀ ló fẹ́ ná. Ẹgbẹ́ 32 yẹn lówó ju gbogbo wa lọ, síbẹ̀ wọ́n ń wọn àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí wọ́n tó na kọ́bọ̀. Ẹni tó wá bá ọ, tí kò wọ̀n ọ́, tí kò wò ọ́, tó sì ní kí ìwọ mú owó wá, kò wá ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Òun ló ń tajà, ìwọ sì ni oníbàárà.

Mo ka gbogbo ìwé mi fún bàbá àti màmá wa. Màmá wa ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ká ìwé àjọ wọn, wọ́n fi pamọ́. Bàbá wa pe ọkùnrin náà lórí fóònù níwájú gbogbo wa, wọ́n ní kó kọ́kọ́ wá wọn ọmọ àwọn, kó wá wo eré ẹ̀ lórí pápá, lẹ́yìn náà a ó jọ sọ̀rọ̀ owó. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé mẹ́fà ti kọjá.

Kì í ṣe pé inú ẹ̀gbọ́n mi dùn o. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí ẹni tí wọ́n ti fi Amẹ́ríkà hàn lójú àlá, ó ṣòro kó jí. Ó ti gba fọ́ọ̀mù LASUSTECH. Ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láràárọ̀ kó tó lọ síbi sìmẹ́ǹtì. Ó ní bí wọ́n bá tún ṣe àgọ́ tí wọn kì í gbowó, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun ní ìmúrasílẹ̀. Èmi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn rárá. Kílò tó kù yẹn, kó máa wá a bọ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a pọ̀ nínú wa tí wọ́n máa tó wá sọ fún pé a ní ọjọ́ ọ̀la. Wọ́n lè sọ ọ́ nípa bọ́ọ̀lù, nípa orin, nípa irun dídì, nípa iṣẹ́ nílùú Dubai. Kí ẹ tó gbà, ẹ bi ẹni náà ní nǹkan mẹ́ta. Kí lẹ wọ̀n lára mi? Kí lẹ ti rí tí mo ṣe? Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló máa kọ́kọ́ sanwó? Bí ìdáhùn ẹ̀ bá dúró, ẹ jẹ́ kí òbí yín gbọ́ ọ, kí wọ́n fi ojú àgbà wò ó. Bí kò bá dúró, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Àwọn tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sáré mítà 36.6, tépù bíríkìlà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ wá bá mi lórí pápá lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá parí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ wọ kánfáàsì o.